Ṣé gbogbo ẹni tó bá ní a ò tíì borí ogun ti di ti ọ̀tá ni?

Lọ́jọ́ Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù bábà kan ní Sábọ̀, Ṣàgámù níbí, ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí ẹ̀ dé ìdajì fò dìde lórí àga pẹ̀lú aṣọ bábà lọ́rùn, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé àwọn sójà wa ò tíì borí Boko Haram, Boko Haram ló ń ṣiṣẹ́ fún, pòpagáńdà ọ̀tá ló ń gbé kiri. Bábà gbé kílípà dání, ó ń dún wùùù, kò rórí fá.

Èmi ṣáà ń wò ó ni. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ní 2014, kò sí ohun tí kò sọ, ó ní ìjọba ń parọ́ fún wa, ogun ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Alábùradà, ìyẹn PDP, ló wà lórí àga ìjọba nígbà yẹn, onígbálẹ̀, ìyẹn APC, sì lòun. Ìgbà tí onígbálẹ̀ dépò ní 2015, ẹnu yẹn yí. Àwọn alábùradà tó ń gbèjà sójà tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń ka òkú sójà fún wa lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó lọ Borno lọ wò nínú gbogbo wọn o.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé tí ọ̀rọ̀ kan bá ti lè dùn mọ́ ọ̀tá nínú, irọ́ ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ti Chibok. Òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin 276 lọ níléèwé wọn níbẹ̀, ọjọ́ 16 iléeṣẹ́ ológun ní àwọn ti gba gbogbo wọn padà, ó ku mẹ́jọ péré. Ọ̀gá iléèwé àwọn ọmọ náà ní rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kejì àwọn ológun kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ṣé ọ̀tá ni ìyá yẹn ń ṣiṣẹ́ fún ni? Ó ka ọmọ, kò pé, ó ní kò pé.

Mi ò ní ọ̀tá kì í parọ́ o, iṣẹ́ ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wo Shekau, olórí Boko Haram. Ó lé lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n kéde fún wa láàárín 2009 sí 2016 pé ó ti kú, a hó yèè, tó bá yá fídíò á jáde, òun nìyẹn tó ń rẹ́rìn-ín tó ń bú wa. Irọ́ àwa fúnra wa ló sọ ọ́ di àkúdàáyà, ìpolówó wo ni ì bá san owó fún tó máa jùyẹn lọ? 2021 ló tó kú lóòótọ́, nígbà tí òun àti àwọn ISWAP, ìyẹn àwọn tó yapa kúrò lára Boko Haram, dojú ìjà kọra.

Ẹ bi àwọn àgbà Ìjẹ̀bú-Òde nípa 1967, nígbà ogun abẹ́lé. July, ìjọba Gowon ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán làwọn fẹ́ lọ ṣe ní Biafra, August, sójà Biafra ti gba Benin, wọ́n ti dé Ọ̀rẹ̀ tá à ń yà jẹun yìí, ibẹ̀ la ti rí "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀". Iṣẹ́ ọlọ́pàá ọ̀hún ò parí àfi January 1970. Ṣóyínká tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà lọ bá Ojukwu, olórí Biafra, pé kí ogun dúró, wọ́n ní ti ọ̀tá ni, ó ṣẹ̀wọ̀n di 1969, Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ sì ni kọmíṣọ́nnà ìnáwó nínú ìjọba tó tì í mọ́lé. Rẹ́mọ kan náà o!

Mo sọ díẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni wa, ó ní èmi náà ti gbàbọ̀dè. Bábà ló dá sí i, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jókòó, ìdajì orí yín ṣì kù." Ó wo dígí, ó jókòó.