Ilẹ̀ tó le nígbà ọyẹ́ lè rọ̀ lábẹ́ ilé nígbà òjò

Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ọyẹ́ bá ti mú ilẹ̀ dáadáa, dígà a máa ta padà lára erùpẹ̀ pupa bí ẹni pé orí àpáta ni a sọ ọ́ lé, ẹni tó ń kọ́lé yóò sì sọ pé kò sí ilé tí irú ilẹ̀ yìí kò lè gbé, pé owó àyẹ̀wò ilẹ̀ kàn fẹ́ ṣòfò ni. Mo mọ ìdí tí a fi ń rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó ṣòro láti bá ohun tí ọwọ́ ẹni ti fọwọ́ bà jiyàn. Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà.

Omi ló ni púpọ̀ nínú líle yẹn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ àti omi díẹ̀ bá jọ wà nínú àlàfo tó wà láàárín hóró erùpẹ̀, omi náà a sá sí ibi tí hóró kan ti fara kan èkejì, a sì fà wọ́n mọ́ra. Ọmọdé tó ń fi yanrìn kọ́lé ṣeré mọ̀ ọ́n: yanrìn gbígbẹ a dà nù, èyí tó tutù díẹ̀ a dúró, èyí tí omi bò a ya lulẹ̀. Àlàfo inú erùpẹ̀ tó ní amọ̀ kéré ju ti yanrìn lọ, nítorí náà ìfà omi inú rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti mu ilẹ̀ yó, omi a lé afẹ́fẹ́ jáde, ìfà náà a tán, agbára tí erùpẹ̀ ní fúnra rẹ̀ nìkan ni yóò sì kù lábẹ́ ògiri.

Nínú ilé àyẹ̀wò, a máa ń fi erùpẹ̀ sínú àpótí onípele méjì, a ó gbé ẹrù lé e, a ó sì ti ìpele kan títí erùpẹ̀ náà yóò fi já. Bí a bá já a bó ṣe ti oko ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìfà omi ti wọ inú iye tí a rí, láìsí ẹni tó mọ bó ṣe pọ̀ tó. Láti mọ̀ ọ́n, a nílò àwo séráámíkì tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń gbà á kọjá ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà á. Bí a bá wá fi agbára 200 kPa (kPa ni ìwọ̀n agbára títì) ti afẹ́fẹ́, tí agbára títì ti omi sì jẹ́ 50 kPa, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ìfà náà, ìyẹn 150 kPa. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Hilf ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní ọdún 1956. Omi kì í tètè gba inú amọ̀ kọjá, nítorí náà àyẹ̀wò kan lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì wọ́n. Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ mẹ́ta, Fredlund, Morgenstern àti Widger, fi ìfà yìí kún ìṣirò agbára ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó dá dúró, yàtọ̀ sí ẹrù tó wà lórí ilẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gbígbé lásán kò nílò àwo séráámíkì. Kí ó sọ fún ilé àyẹ̀wò pé kí wọ́n rẹ erùpẹ̀ náà sínú omi títí yóò fi yó kí wọ́n tó já a, kí ó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú èsì pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é.