Páwà páàkì kì í ṣe èènì

Ìyá kan láti Ìsánlú gbé àpótí kọ̀ǹpútà kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fi aṣọ ankara wé e bí ẹni tó pọn ọmọ, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e láìlanu. "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wò ó. Owó kajú ọdún yìí ni mo fi ra gbogbo rẹ̀ fún un." Kí n tó tú aṣọ náà tán ni mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀, nítorí pé páwà páàkì, ìyẹn àpótí irin kékeré tó ń pín iná fún àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, tó bá ti jó kì í fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ọdún 19 sẹ́yìn. Ìkẹta nìyẹn láàárín oṣù kan, kọ̀ǹpútà gémù sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí àwọn ọmọ fúnra wọn ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì tò ó pọ̀ kí owó má baà pọ̀ jù.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, pé mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́, gbọ́dọ̀ bá pùrósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, mu, àti pé orí SSD, ibi ìpamọ́ tó yára, ni kí Windows wà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọdọ̀ ti orí káàdì gíráfíìsì, èyí tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀, bẹ̀rẹ̀. Kí ó ra pùrósẹ́sọ̀ tó ní gíráfíìsì nínú, irú Ryzen 5 5600G tó jáde ní ọdún 2021, kí ó sì fi RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, 8GB méjì sí i. Méjì ni mo wí, kì í ṣe 16GB ẹyọ kan, nítorí pé inú RAM yẹn kan náà ni gíráfíìsì rẹ̀ ti ń jẹun, ọ̀nà méjì sì yá ju ọ̀nà kan lọ. Gémù GTA V yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí tí owó káàdì yóò fi dé. Kí ó sì ṣọ́ra fún lẹ́tà F tó máa ń gbẹ̀yìn orúkọ àwọn pùrósẹ́sọ̀ Intel kan, bíi Core i3-12100F, nítorí pé kò sí gíráfíìsì nínú ìyẹn rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rà á láìra káàdì, ó sì jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta níwájú mọ́nítọ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń pààrọ̀ wáyà.

Ní ti káàdì tòkunbọ̀, kì í ṣe èèwọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ọjà nígbà tí Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi káàdì pa tẹ́lẹ̀, kò nílò káàdì mọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn kan sì ṣì dára. Ṣùgbọ́n ẹ má sanwó kí ẹ tó fi GPU-Z, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú rẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò lójú olùtà, nítorí pé àwọn gbájúẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń yí orúkọ inú káàdì àtijọ́ padà kí ó lè máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti, káàdì tó sàn jù ú lọ.

Páwà páàkì gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá yín sọ. Mo yọ ti ọmọ Ìsánlú yìí jáde, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì. Wọ́n kọ 600W gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí ó ka ìlà kéékèèké tó wà lórí àlẹ̀mọ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti to +3.3V, +5V àti +12V tẹ̀ léra. Ó kà á pé +12V, 16A. Mo ní kí ó sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, nítorí pé fóòtì (V) lọ́nà áńpìà (A) ló ń di wáàtì (W). Méjìlá lọ́nà mẹ́rìndínlógún, 192 wáàtì péré. Bẹ́ẹ̀ ni káàdì RX 6600 tó fi sínú rẹ̀ ń jẹ 132 wáàtì, pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ 65 tí wọ́n kọ sí i, ó tún máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn méjèèjì nìkan ti di 197 kí a tó ka fáànù àti àwọn iná aláràbarà tó ń ṣẹ́jú nínú àpótí. Orí +12V ni káàdì àti pùrósẹ́sọ̀ òde òní ti ń gba oúnjẹ wọn. Nítorí náà, iye tó bá wà lójú ìlà yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́, èyí tó kù di 600, iṣẹ́ ọ̀dà ni.

Mo bi í pé èló ló rà á. Ó ní òun kò rà á, pé olùtà àpótí ló fi ṣe èènì fún òun. Iyọ̀ ni wọ́n ń ṣe èènì rẹ̀, àti gàrí. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n kọ páwà páàkì sí òkè ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n wá èyí tó ní àmì 80 PLUS, tí a dán wò pé ó kéré tán, ìdá 80 nínú 100 iná tó gbà ló ń dé inú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó wá fi owó tó bá kù yan káàdì. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín, wọ́n á sì padà wá.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe fídíò ní Amẹ́ríkà kò ní rántí sọ fún yín. Iná fóòtì 230 ló yẹ kó máa wọlé wá, ṣùgbọ́n mo ti fi mítà wọn 148 nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò tan fìríìjì pọ̀. Páwà páàkì tí wọ́n kọ 100–240V sí lára yóò fara da irú iná bẹ́ẹ̀. Èyí tó ní bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn, tí wọ́n fi ń yan 115 tàbí 230, kò ní lè fara dà á, orí 230 yẹn ni kí ẹ sì fi í sí títí ayé.

Ìyá náà ní kì í ṣe ojú lásán. Ó ní kí ó tó jó ni ó ti máa ń gbọn àwọn ọmọ lọ́wọ́ bí wọ́n bá fara kan irin rẹ̀, wòlíì kan sì ti wá ta òróró sí i. Mo rí òróró náà lóòótọ́, ó ti dà pọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́ lójú ihò fáànù. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé fún un pé asẹ́ kékeré kan wà nínú páwà páàkì tó ń sẹ́ pàǹtírí inú iná, tó sì ń darí rẹ̀ sí ara irin kí ó lè gba ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì wọ inú ilẹ̀ lọ. Níbi tí kò bá ti sí wáyà tó wọlẹ̀, nǹkan bí ìdajì iná ilé ni yóò jókòó sára irin. Kò sábà lágbára ju kí ó gbọn ènìyàn lọ́wọ́ lọ, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ iná ni kí ẹ pè sí i.

Ìyá náà wò mí, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ta ni ó ń pa irọ́ báyìí, Ẹnjiníà? Ìwọ Délé, sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Mo yí ẹ̀yìn páwà páàkì sí ìmọ́lẹ̀, mo sì rí bọ́tìnnì pupa náà ní 115. Ìgbà náà ni ó tó jẹ́wọ́ pé kọ̀ǹpútà náà kì í tàn nírọ̀lẹ́ tí iná bá rọ̀, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ní kí òun tì í sí 115, pé yóò gbé e. Ó gbé e lóòótọ́. Ní nǹkan bí aago 12 òru, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ti pa ohun tí wọ́n tàn, iná padà sí agbára rẹ̀, àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀, tó ń kó iná pamọ́, sì bẹ́ bí báńgà. Gbogbo ilé sáré síta pẹ̀lú aṣọ oorun.

Káàdì náà yè, mọ́dábọ́ọ̀dù kò yè. Mo kọ ohun tí wọn yóò rà sílẹ̀ fún un, páwà páàkì ló ṣíwájú. Ìyá náà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bi mí bóyá èmi náà kò ní fi nǹkan ṣe èènì fún òun. Mo fún un ní púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.