Wíìgì Òwú Tí Ẹ Ń Ṣe Nílé: Ẹ Wọn Orí Yín Ná

Àwọn tó ń fi òwú ṣe wíìgì fúnra wọn á ti ra fìlà nẹ́ẹ̀tì tó kéré sí orí wọn, wọn á ti so òwú mọ́ ọn títí tí ihò kankan ò fi ní í ṣẹ́kù lára rẹ̀, wọn á wá gbé e tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù: "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó, orí máa ń fọ́ mi tí mo bá dé e." Kí ló fẹ́ ṣe é tí kò ní í fọ́ yín?

Mi ò bá wíìgì òwú ṣọ̀tá o. Ọjà ti gbówó lórí, owó tí wọ́n ń pè lórí wíìgì gidi báyìí, ẹlòmíràn á fi san owó ilé. Òwú tí gbogbo wa ń pè ní Brazilian wool ṣì wà ní ìwọ̀n apá mẹ̀kúnnù. Èmi gan-an, òwú ni mo fi wọ iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan irun oníbàárà àfi tó bá ti mọ irun kíkó dójú àmì. Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà ya irun obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ẹ lọ wo àwòrán onílé gogoro tó yà ní 1975, kí ẹ rí ohun tí òwú dúdú lásán ń dà lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé iṣẹ́ òwú ò gbayì.

Bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ kọróṣè fa òwú gba inú ihò fìlà, tí a ó ti ìdí rẹ̀ bọ ojóbó tí a ó fà á le, mi ò ní í jókòó máa kọ́ àgbàlagbà nìyẹn. Ìpàkọ́ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ síwájú. Ẹ we òwú mọ́ páálí tó gùn tó bí ẹ ṣe fẹ́ kí irun gùn, kí ẹ gé e lápá kan ṣoṣo. Irun íńṣì 12 máa jẹ òwú íńṣì 24, torí ó máa ṣẹ́po méjì lára fìlà. Tí ẹ bá fẹ́ dì í, ẹ fi lé e, torí dídì a máa jẹ gígùn. Ó parí.

Orí wíwọ̀n ni mo fẹ́ ká sọ, torí ibẹ̀ lẹ ti ń fo ohun tí kò ṣeé fò. Téèpù àwọn télọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ di irun yín ní kòlẹ́sẹ̀ kó lè pẹlẹbẹ, torí orí tí a ò tíì dì kì í bá orí tí a ti dì dọ́gba. Ẹ mú téèpù láti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú, ẹ gbé e gba òkè etí, kó yí ìpàkọ́ ká, kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Orí obìnrin sábà máa ń wà láàárín íńṣì 21 sí 23. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láti iwájú lọ sí ìsàlẹ̀ ìpàkọ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti etí dé etí gba àtàrí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sọ́jà. Ẹni tó ń tà á máa sọ fún yín pé kò sí orí tí fìlà òun ò gbà. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ na etí fìlà sórí téèpù níbẹ̀, lójú rẹ̀.

Tí ẹ bá dé e tán, ìka méjì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ etí rẹ̀ láìjà. Tí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ tú rọ́bà etí rẹ̀, kí ẹ fi sátíìnì tẹ́ ẹ nínú, kí ó má máa ha irun wẹ́wẹ́ iwájú. Ìlà méjì àkọ́kọ́ níwájú, ẹ so ihò kan, ẹ fo ihò kan. Ẹ̀yin lẹ máa ń fẹ́ kó kún níbẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni irun wa ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Èyí tó bá ti kọjá gíráàmù 400, mi ò jẹ́ dé e fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó gbẹ ni mo ń sọ o. Okùn òwú yìí fúnra rẹ̀ kì í mu omi púpọ̀, àárín okùn sí okùn ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó dé e jáde nínú òjò á mọ̀ nígbà tí ọrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Nípa irun iwájú yìí, oníbàárà mi kan wà, ìyá ìbejì. Ó wá bá mi pẹ̀lú gèlè lórí, kò sì fẹ́ ṣí i lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo mú un lọ sẹ́yìn. Nígbà tó ṣí i, iwájú orí rẹ̀ ti pá láti ẹ̀bátí dé ẹ̀bátí, awọ ibẹ̀ ń dán. Wòlíì ti sọ fún un pé ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣa irun rẹ̀ nílẹ̀ tó fi ṣe é. Ó ti gbààwẹ̀, ó ti ra òróró àdúrà, ó sì ti bá obìnrin tí wọ́n fura sí jà débi pé wọn ò kí ara wọn mọ́. Oníṣègùn kan tó ń kiri tún ta ìgò kan fún un, ohun pupa kan tó ń ta bí ata. Ó ní tó bá ń ta, irun ló ń wù.

Mo ní kó gbé wíìgì rẹ̀ wá. Ó ṣe é dáadáa, mi ò ní í parọ́, òwú rẹ̀ dọ́gba. Nígbà tí mo yí i síta, rọ́bà ìdí ṣòkòtò ni mo bá ní etí rẹ̀, èyí tó fẹ̀, ó gán an yíká. Gúlù tó gbẹ lẹ̀ mọ́ apá iwájú, irun tirẹ̀ wẹ́wẹ́ sì wà nínú gúlù náà, tòun ti funfun kékeré tó wà ní ìdí wọn. Mo gbé e sí iwájú orí rẹ̀, rọ́bà yẹn bá ojú ibi tó pá mu láìyẹ̀ níbì kankan. Mo bi í pé, ṣé ẹni ibi iṣẹ́ yẹn náà ló gán rọ́bà fún un ni?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Irun tí a ń fà lójoojúmọ́, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ wú: ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́, ó sì máa ń dùn yín tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà irun ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á máa já. Tí ẹ bá ti gba orí yín sílẹ̀ ní ìpele yẹn, ó máa padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun kì í gùn ju nǹkan bí ìdajì íńṣì lọ lóṣù. Ṣùgbọ́n tí ìfà yẹn bá pẹ́, ihò tí irun ń gbà jáde á di àpá, awọ á máa dán, irun ò sì ní í gba ibẹ̀ jáde mọ́. Mo ní kó lọ rí dókítà awọ ara, ó lọ. Àárín iwájú padà. Ẹ̀bátí méjèèjì ò padà títí di òní. Ọdún tó fi ń ra òróró kiri yẹn ló gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń ta ata sínú ìgò fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Ó ku iná. Mo rí i tí àwọn ọmọdé ń fi láítà àti àbẹ́là jó ẹnu òwú kí ó má bàa tú, tí wíìgì wà lórí wọn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú òwú tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ fi iná sí i lórí àwo. Irun àgùntàn gidi máa rùn bí irun jíjó, á sì fẹ́ kú fúnra rẹ̀, eérú rẹ̀ á rún lọ́wọ́. Òwú kọ́tìnnì á jó bí ìwé. Èyí tí ẹ ń rà yìí, akirílíìkì ni, ohun tí wọ́n yọ lára epo rọ̀bì: ó máa ń jó geere, ó máa ń yọ́, ó sì máa ń kán. Ibi tó bá kán sí lára, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi òwú fúnra rẹ̀ so ẹnu rẹ̀ ní kókó, ó tó.

Àwọn tó bá fẹ́ kí n wọn orí àwọn, kí wọ́n wá ní Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè. Sátidé, àwọn ìyàwó ni mo máa ń dojú kọ, mi ò ní í gbọ́ "Àǹtí, ìṣẹ́jú kan péré" lẹ́nu ẹnikẹ́ni.