Lílo ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní

Ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni èyí tí wọ́n kọ fún DOS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbilẹ̀) tàbí àwọn Windows ìgbà kan, tí àwọn ènìyàn ṣì ń wá ọ̀nà láti lò lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn atẹ̀wé gbọ̀ngbọ̀n, àwọn tí ń ṣe káàdì ìpè àti ìwé ètò ìsìnkú. Fáìlì ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ètò náà fúnra rẹ̀. Oníbàárà tó tẹ ìwé ìsìnkú bàbá rẹ̀ lè padà wá lọ́dún kẹwàá pé òun fẹ́ ti ìrántí, kó sì jẹ́ PageMaker, ètò ìtò ojú ìwé ti ilé-iṣẹ́ Adobe, ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀dà 7.0, tó jáde ní 2001, ni Adobe ṣe kẹ́yìn.

Ohun tó ń dí i lọ́wọ́

Àwọn ètò ayé Windows 3.1 jẹ́ oní-bíìtì 16 (bíìtì ń sọ bí dátà tí ètò ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó). Windows oní-bíìtì 64 kì í gbà wọ́n rárá, Windows 11 (2021) kò sì ní ẹ̀dà mìíràn yàtọ̀ sí oní-bíìtì 64. Nígbà mìíràn, ètò gan-an lè jẹ́ oní-bíìtì 32, kí èyí tí a fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà jẹ́ ti 16. Dírífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ẹ̀rọ náà, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ti bíìtì 32 kò lè ṣiṣẹ́ lórí Windows oní-bíìtì 64.

Àwọn ọ̀nà àbáyọ

Èyí tó rọrùn jù wà nínú Windows fúnra rẹ̀, lábẹ́ Properties ètò náà, níbi tí wọ́n kọ Compatibility sí, tó ń jẹ́ kí Windows tuntun ṣe bí ti àtijọ́ fún ètò náà. Kò lè ṣe nǹkan kan fún ètò oní-bíìtì 16. DOSBox (2002) wà fún ètò DOS, Wine (1993) sì wà fún àwọn tó ń lo Linux dípò Windows, kí wọ́n lè lo ètò Windows.

VirtualBox, tó jáde ní 2007, ló kájú rẹ̀ jù. Ó ń dá odidi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nínú èyí tó wà nílẹ̀, a ó sì gbé Windows XP sínú rẹ̀. Bí epo jẹnẹrétọ̀ bá ń tán lọ, a lè dá a dúró síbi tó dé, kó tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò dára kí XP náà rí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àtúnṣe ààbò XP ti dópin ní 8 Oṣù Kẹrin 2014.

Fáìlì lè ṣí kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì dàrú. Kí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó gbilẹ̀, àwọn fọ́ǹtì Yorùbá kan máa ń fi ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn sí àyè àmì mìíràn. Bí fọ́ǹtì náà kò bá sí lórí ẹ̀rọ tuntun, orúkọ olóògbé á di rúdurùdu. Nínú CorelDRAW, ètò ìyàwòrán, Ctrl+Q ń sọ lẹ́tà di àwòrán, kó má baà nílò fọ́ǹtì mọ́. Orí ẹ̀rọ àtijọ́ tí fọ́ǹtì wà ni ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é, lórí àdàkọ fáìlì náà, nítorí lẹ́tà tó ti di àwòrán kò ṣeé fi kíbọ́ọ̀dù tún ṣe mọ́.