Kòkòrò abìyẹ́ tó ń forí gbá gílóòbù lálẹ́ kì í ṣe agbọ́n: akọ ìjàlọ ni

Tí òjò bá ti dá lálẹ́, tí iná sì wà níta, kòkòrò kan wà tí kì í pẹ́ dé. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, nígbà mìíràn ó máa ń lé díẹ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ikùn rẹ̀ gùn, ó sì ki bíi sọ́séèjì. Á máa kùn bọ̀, á forí gbá gílóòbù, á já bọ́ sílẹ̀, á máa yí gbiri lórí símẹ́ńtì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń pariwo ni pé, "Agbọ́n rèé o! Ẹ má jẹ́ kó ta yín!" Bàtà ló máa ń parí ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe agbọ́n, kò sì lè ta ẹnikẹ́ni. Akọ ìjàlọ ni, ìjàlọ yìí kan náà tó ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ nínú oko kòkó, tó máa ń lé aáyán, eku àti onílé jáde nínú ilé tó bá yà sí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò ń pe ìran wọn ni Dorylus. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni Dorylus nigricans, ṣùgbọ́n oríṣi mìíràn pọ̀ tó jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò rí rí àfi akọ wọn tó bá wá síbi iná.

Kò yani lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń ṣì wọ́n mọ̀. Ìjàlọ tí gbogbo wa mọ̀ kò ní ìyẹ́, kò ní ojú, èyí tó sì tóbi jù nínú wọn fi díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Akọ rẹ̀ ní ìyẹ́ mẹ́rin, ó ní ojú rogodo, ó sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gígùn. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá kò bọ́ nínú àṣìṣe yìí. Nígbà tí Linnaeus, onímọ̀ nípa ẹ̀dá tó jẹ́ ará Sweden, kọ́kọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn akọ wọ̀nyí lórúkọ ní 1764, Vespa ló pè é, orúkọ ìran agbọ́n gan-an. Ní 1793, Fabricius, onímọ̀ nípa kòkòrò, yọ ọ́ kúrò nínú agbọ́n, ó sì dá orúkọ Dorylus sílẹ̀ fún un. Nígbà tó di 1840, onímọ̀ mìíràn, Shuckard, rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjàlọ láti Áfíríkà, kò mọ̀ pé akọ wọn ti ní orúkọ, ó bá pe ìran wọn ní Anomma. Ní 1863 ẹ̀wẹ̀, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Gerstaecker rí ìyá wọn kan tó ń yé ẹyin, láti Éṣíà, èyí tí kò ní ìyẹ́, tí ikùn rẹ̀ sì wú, ó pe òun náà ní Dichthadia. Akọ, òṣìṣẹ́ àti ìyá, ìdílé kan náà, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ so akọ mọ́ òṣìṣẹ́ ni Thomas Savage, míṣọ́nnárì àti dókítà tó gbé ní Cape Palmas, ní ilẹ̀ tó di Liberia lónìí. Òun náà wà lára àwọn tó kọ àkọsílẹ̀ sáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́ nípa ìnàkí (gorilla) ní 1847. Ó máa ń tẹ̀ lé ọ̀wọ́ ìjàlọ, ó ń wò wọ́n dáadáa, ó sì rí akọ abìyẹ́ yìí láàárín wọn. Ó kọ ọ́ síwèé ní 1849. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ohun tó ṣe: ó wà níbi tí ìjàlọ wà, kò sì yára ṣíjú kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ẹ fi ife bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ìbàdí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí kì í parọ́. Láàárín àyà àti ikùn, ẹ ó rí kókó kan ṣoṣo tó yọ sókè. Kókó yìí ni àmì èèrà. Agbọ́n kò ní i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo orí. Ó kéré sí àyà, nítorí pé àyà rẹ̀ ga, ó sì wú síwájú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orí láti òkè. Ojú méjèèjì tóbi, wọ́n dúdú, wọ́n sì yọ síta. Láàárín wọn, lókè orí, ojú kéékèèké mẹ́ta tún wà tó ń dán bí iná bá kàn wọ́n. Ẹ̀mú ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ wọnú bíi dòjé. Ìwo orí rẹ̀ pín sí oríkèé 13, èyí tó sún mọ́ orí ló gùn jù, ibẹ̀ ló sì ti ṣẹ́ bí ìgbúnwọ́. Irun wẹ́wẹ́ tó pupa bo ara rẹ̀, pàápàá ní àyà. Ikùn rẹ̀ rí roboto láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ìdí rẹ̀ pátápátá, lábẹ́, àwo kékeré kan wà tó là sí méjì, ṣóńṣó méjèèjì sì máa ń yọ síta. Àwo yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní abẹ́rẹ́ oró. Kò ní oró rárá, ara nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ ni.

Kò sí akọ kankan nínú èèrà, agbọ́n tàbí oyin tó lè ta èèyàn. Ohun tí abo fi ń yé ẹyin ni abẹ́rẹ́ oró ti wá, akọ kò sì ní irú rẹ̀. Bí ẹ bá mú akọ ìjàlọ lọ́wọ́, yóò ká ikùn rẹ̀ wá, yóò máa fi ìdí tẹ ìka yín bí ẹni tó fẹ́ ta yín. Ìhàlẹ̀ lásán ni. Ó lè fi ẹnu gbá awọ mú díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹ má torí èyí sọ fún ọmọdé pé kó máa mú gbogbo kòkòrò tó bá wá síbi iná. Agbọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń fò lálẹ́, òun náà pupa rúsúrúsú, òun náà sì fẹ́ràn iná. Abo àwọn kan nínú ìran rẹ̀ máa ń ta èèyàn dáadáa. Ìyàtọ̀ wọn hàn: ìwo orí agbọ́n yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó gùn tó ara rẹ̀, kò sì ṣẹ́, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ láti ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ méjì tẹ̀ ẹ́. Agbọ́n ọ̀sán tó ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé tún yàtọ̀ sí i. Bí ó bá bà, ó máa ń ká ìyẹ́ rẹ̀ ní gígùn, ojú rẹ̀ sì gé wọnú díẹ̀ níwájú, èyí tó jẹ́ kó dà bí kíndìnrín. Ojú akọ ìjàlọ rogodo ni, kò gé wọnú. Ní ti èsúnsún tí à ń yan jẹ, kò ní ìbàdí rárá, ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, wọ́n sì máa ń já bọ́ kíá. Ikán ni èsúnsún, aáyán sì ni ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Kò bá èèrà tan bí a ṣe rò.

Èrò mìíràn wà tó tún ń ran àṣìṣe yìí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ gbà pé àwọn olórí ńlá tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wọ́, tí ẹnu wọn là sílẹ̀, ni akọ ìjàlọ. Abo ni gbogbo wọn, àti olórí ńlá, àti àwọn tín-ín-tìn-ìn-tín tí kò ju mìlímítà 3 lọ. Ọmọ ìyá ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ni wọ́n, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé ipò ìyá. Ìyá gan-an wà nínú ilẹ̀. Kò ní ojú, kò ní ìyẹ́, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 bí ẹyin bá kún inú rẹ̀, ó sì lè yé ju mílíọ̀nù 1 lọ lóṣù kan.

Nítorí pé ìyá kì í fò, akọ ló gbọ́dọ̀ rìn. Bí ìdílé ìjàlọ bá pọ̀ jù, ńṣe ló máa ń pín sí méjì, ìyá kan á kó apá kan lọ ní ẹsẹ̀. Akọ nìkan ló lè gbé ẹ̀jẹ̀ ìdílé kan lọ fún òmíràn tó jìnnà. Ó máa fò lóru, á wá ipa ọ̀wọ́ ìdílé mìíràn, á sì bà síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á dì í mú, wọ́n á gé ìyẹ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n á wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ ìyá tuntun. Akọ púpọ̀ ló ń gun ìyá kan. Èyí tó bá ya síbi iná mànàmáná ti ṣìnà nìyẹn.

Ìṣòro tí Savage yanjú fún oríṣi kan ṣì wà fún ọ̀pọ̀ mìíràn. Akọ nìkan ni wọ́n fi mọ àwọn kan nínú Dorylus, nítorí iná ló kó wọn wá. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn nìkan ni wọ́n mọ̀. Láti so wọ́n pọ̀, àfi kí wọ́n fi DNA wọn, ohun inú ara tó ń gbé àbùdá ìdílé, wéra, tàbí kí wọ́n rí wọn pọ̀ lójú kan. Akọ tí ẹ bá rí nínú ọ̀wọ́, tí ìjàlọ ń wọ́ lọ, níyì ju ọgọ́rùn-ún tó wà lábẹ́ gílóòbù lọ. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ fi ẹ̀mú tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ mú un, kí ẹ sì mú bíi 20 nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó yí i ká, láti orí èyí tó kéré jù dé olórí ńlá. Bí ẹ bá kó ńlá nìkan, ẹni tó fẹ́ dá wọn mọ̀ yóò ṣi orúkọ wọn pè, nítorí orí olórí ńlá àti ti kékeré kò jọra.

Ìgò kan náà ni kí wọ́n wà. Ethanol (ògidì ọtí) 95% ló dára jù. 70% tó fún wíwò lásán, ṣùgbọ́n DNA kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ògógóró kò lágbára tó, inú kòkòrò náà á rà. Kí ẹ yí ethanol yẹn padà lọ́jọ́ kejì, torí omi ara akọ pọ̀, ó sì máa ń là á. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọjọ́, ìlú àti ibi tí ẹ ti rí wọn sórí bébà kékeré, kí ẹ sì fi bébà náà sínú ìgò, nítorí táwadà báírò máa ń ṣí nínú ọtí. Ẹ má ṣe fi akọ tí ẹ ṣà nídìí iná kún ìgò tí ìjàlọ oko wà nínú rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ alẹ́ kan náà: ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lẹ́yìn ọ̀la yóò gbà pé ìdílé kan ni wọ́n.