Mágínẹ́ẹ̀tì inú òkúta kò mọ ọdún kankan
Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ bóhóòlù ní Ìkòròdú, tí ẹ̀rọ ń pọ iyanrìn àti amọ̀ sójú ilẹ̀, ẹnìkan kò ní ṣàì sọ ọ́: "Ẹ gbé iyanrìn yìí fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì o, mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ á sọ iye ọdún tó ti wà níbẹ̀." Àwọn tó dúró á mi orí, wọ́n á ní òyìnbó mà gbọ́n. Òyìnbó lè gbọ́n o, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ kọ́ nìyẹn.

Pé ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì, tí àríwá àti gúúsù mágínẹ́ẹ̀tì náà sì ti gba ipò ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà (èyí ni mo ń pè ní ìparọ̀), n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Brunhes, ti rí i ní Faransé ní 1906, lára amọ̀ tí àpáta yíyọ́ ti sun. Onímọ̀ mìíràn, Matuyama, rí irú rẹ̀ ní Jàpáánù, ó sì kéde rẹ̀ ní 1929. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Bí àpáta gbígbóná bá ń tutù, tí gbígbóná rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 580 dígírì Celsius, àwọn hóró irin dúdú tí wọ́n ń pè ní magnetite á mú ìhà tí mágínẹ́ẹ̀tì ayé kọjú sí lásìkò náà, wọn kò sì ní fi í sílẹ̀ mọ́. Nísàlẹ̀ omi, hóró irin wínníwínní tó ń bá ẹrẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ a máa yí sí ìhà yẹn náà.

Ẹ wá wo ohun tí hóró náà lè sọ. Àríwá ni mo kọjú sí, tàbí gúúsù ni mo kọjú sí. Ó tán. Kò sí ọdún níbẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ní ọjọ́ ọjà ni òun bí àkọ́bí òun, òótọ́ ni màmá sọ, àmọ́ ọjọ́ ọjà wo, nínú ọdún wo?

Ọdún tí wọ́n ń kà fún wa, wọ́n yá a níbòmíràn ni. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Cox, Doell àti Dalrymple, ní Amẹ́ríkà kó àpáta òkè ayọnáyèéfín jọ. Wọ́n wọn potassium inú rẹ̀ tó ń di argon, irú afẹ́fẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé a mọ bó ṣe ń yára tó, wọ́n wá to èyí tó kọjú sí àríwá àti èyí tó kọjú sí gúúsù tẹ̀lé ara wọn. Ibẹ̀ ni òǹkà ti wá. Ìparọ̀ tó kẹ́yìn ti tó nǹkan bí 773,000 ọdún. Kódà ní Chiba ní Jàpáánù, ibi tí àwọn onímọ̀ fi ṣe ààlà ìgbà yẹn fún gbogbo ayé ní 2020, eérú òkè ayọnáyèéfín tó wà létí ìparọ̀ náà ni wọ́n fi mọ ọdún rẹ̀.

Níbi tí kò bá ti sí eérú, wọ́n á wá ìpele tó pọ̀, tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, èyí gígùn, èyí kúkurú, wọ́n á fi wé ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí a ti mọ̀. Bí ọ̀gbàrá bá ti gbé ìpele kan lọ láàárín, ìfiwéra ti dàrú nìyẹn. Ìgbà kan sì wà, láti bíi 121 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn títí di bíi 83 mílíọ̀nù, tí ìparọ̀ kankan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wáyé. Kí ni mágínẹ́ẹ̀tì fẹ́ sọ fún ẹni tí òkúta rẹ̀ bọ́ sáàárín ibẹ̀?

Ti Ìkòròdú tún wá burú sí i. A kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, kò tó dígírì méje. Ní ìlú olótùútù, abẹ́rẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì a máa dorí kọ ilẹ̀ gan-an. Bí ìparọ̀ bá ṣẹlẹ̀, á dorí kọ òkè. Ẹni tó bá fa àpáta jáde nínú kànga, bó tilẹ̀ yí po lọ́nà, á ṣì mọ èyí tó jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, abẹ́rẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja. Ọ̀tún tàbí òsì nìkan ló lè fi hàn, bí ẹ kò bá sì ti fi àmì sára àpáta kí ẹ tó yọ ọ́, ọ̀tún ti di òsì. Iyanrìn tí omi bóhóòlù pọ̀ jáde ńkọ́? Gbogbo hóró rẹ̀ ti po pọ̀. Ẹ ò lè bi í ní nǹkankan.

Ilẹ̀ pupa wa àti yangí tún ní ẹjọ́ tiwọn. Pupa yẹn, irin tó dípẹtà ni, òjò àti oòrùn ló sì ń ṣe é lẹ́yìn tí iyanrìn ti dé ibẹ̀. Ìhà tí ayé kọjú sí lọ́jọ́ tí ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ ni irin tuntun náà ń gbà. Àwọn onímọ̀ lè fi iná bó o kúrò díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè rí ti àtijọ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà míì ó ń bọ́ sí i, nígbà míì ti àtijọ́ ti run pátápátá.

N kò sọ pé ọgbọ́n náà kò dára. Ó dára, bóyá òun ló tilẹ̀ dára jù fún ìsàlẹ̀ òkun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́ńpáàsì inú fóònù sún mọ́ edùn àrá bàbá yín, kó sọ pé ẹgbẹ̀rún ọdún báyìí ni, kó sì gba owó "àyẹ̀wò" lọ́wọ́ yín. Bí ó bá dárúkọ ọdún, ẹ bi í pé eérú wo, argon wo. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò yín, ẹ gba edùn yín padà.

Ẹrẹ̀ dúdú létí ọ̀sà, tó ṣì ní ewé àti igi nínú, ìyẹn ní ọ̀nà tirẹ̀: carbon inú ewé náà lè sọ ọdún, bí kò bá ti ju bíi 50,000 lọ. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkarawun inú amọ̀ àti ìyẹ̀fun òdòdó àtijọ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò. Mágínẹ́ẹ̀tì lè bá wọn jẹ́rìí, bí àpáta tí wọ́n yọ bá ní àmì lára.