Páìpù ọ̀sọ̀rọ̀ kì í bá sọ́kàwéè pàdé

Bàbá onílé kan pè mí sí àdúgbò Under-G, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fẹ́ fi háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH. Wọ́n ti kan páànù tán. Páìpù tí yóò máa gbé omi òjò sọ̀kalẹ̀ ti wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa dé ló kù. Igi máńgòrò ńlá kan sì na ẹ̀ka sórí òrùlé náà, bó ṣe máa ń rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Bàbá wo ewé tó ti ń dà sílẹ̀, wọ́n wo èmi náà.

"Ẹ̀ńjíníà, gbọ́ ná. Ṣé kò ní dáa ká kúkú so gbogbo ẹ̀ mọ́ páìpù tó ń lọ sí sọ́kàwéè? Òjò á máa fọ inú ẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá dí, ojú kan ṣoṣo la ó máa gún."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ o. Sọ́kàwéè yín ò ní lè gbà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn: wọ́n rò pé owó iṣẹ́ ni mo ń wá kún owó iṣẹ́. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọn burú létí ṣá. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu bíríkìlà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti òkè òkun dé tí wọ́n rí i tí wọ́n ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀ níbí.

Ká kọ́kọ́ ya orúkọ sọ́tọ̀, torí "gọ́tà" ti di orúkọ ohun méjì lẹ́nu wa. Ọ̀sọ̀rọ̀ ni omi tó ń kán tàbí tó ń dà láti etí òrùlé nígbà tójò bá ń rọ̀. Àwọn ìyá wa máa ń gbé ìkòkò àti agbada sí abẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sùn gbàgbé a pàdánù omi ọ̀fẹ́. Lóde òní, a ti ń kan páànù títẹ̀ tàbí rọ́bà sí etí òrùlé láti gba ọ̀sọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ni gọ́tà òrùlé. Páìpù tó ń gbé omi láti ibẹ̀ wá sí ilẹ̀ ni mò ń pè ní páìpù ọ̀sọ̀rọ̀. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì ọ̀tọ̀ ni. Páìpù ìdọ̀tí náà ọ̀tọ̀ ni: òun ló ń gbé ohun tó bá ti tọ́lẹ́ẹ̀tì, balùwẹ̀ àti kíṣìnnì jáde.

Ní ìlú tó bá ní páìpù ìdọ̀tí gbogbo-gbòò, ti ilé kọ̀ọ̀kan á lọ bá ti àdúgbò lábẹ́ títì, ti àdúgbò á lọ bá ti ìlú, títí gbogbo ẹ̀ á fi dé ibi tí wọ́n ti ń sọ omi náà di mímọ́ kó tó wọ odò. Abuja ní irú rẹ̀, ibùdó Wupa ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí omi náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní. Níbí, kálukú ló ń gbé ẹrù ìgbẹ́ tirẹ̀ sínú ọgbà tirẹ̀.

Ohun tí gbogbo wa ń pè ní sọ́kàwéè, nǹkan méjì ni. Táǹkì ló ṣáájú, kòtò ló tẹ̀ lé e. Táǹkì yẹn, ilé ìsinmi ni. Ìdọ̀tí á wọlé, á dákẹ́. Èyí tó wúwo á rì sí ìsàlẹ̀, epo àti ohun fúyẹ́fúyẹ́ á léfòó, omi àárín tó mọ́ díẹ̀ á wá gba ẹnu páìpù kejì bọ́ sínú kòtò. Kòtò ò ní símẹ́ńtì nísàlẹ̀, òkúta ló wà níbẹ̀, ara ògiri rẹ̀ sì ní ihò. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń mu omi náà díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó yẹ kí omi lò tó ọjọ́ kan, ó kéré tán, nínú táǹkì kó tó jáde. Bí ohunkóhun bá lé e jáde ṣáájú àsìkò, ìgbẹ́ tó ti rì á gbéra, á tẹ̀ lé omi lọ sínú kòtò.

Mo mú ìwé àti bírò jáde níwájú Bàbá. Òjò tó bá tó mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan, lítà omi kan ni. Ilé wọn fẹ̀ ní mítà 12, ó gùn ní mítà 15, ìyẹn 180. Òjò oṣù kẹsàn-án, èyí tó máa ń pariwo lórí páànù débi tá ò ní gbọ́ ohùn ara wa, lè tó mìlímítà 50 kó tó dá. Ẹ fi 50 sọ 180 di púpọ̀: lítà 9,000. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 mélòó nìyẹn? Márùndínláàádọ́ta. Èyí tó pọ̀ jù nínú táǹkì tí mò ń bá lẹ́yìn ilé níbí kì í gbà ju lítà 4,000 lọ, ìdọ̀tí sì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òjò ọ̀sán kan ṣoṣo á gbá gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde, á tún padà wá gbá a lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá ka dúrọ́ọ̀mù náà lórí ìka wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo sọ ti ilé kan fún wọn, tí wọ́n pè mí sí nítòsí Tákíé ní oṣù keje ọdún kan. Àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ ní tọ́lẹ́ẹ̀tì àwọn ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ bí ìkòkò ọbẹ̀ nígbàkígbà tójò bá ṣú tó sì rọ̀. Nígbà tó yá, omi náà ò dún nìkan mọ́, ó ń gòkè. Àwọn tó wà lókè ò rí nǹkan kan, torí omi kì í mọ ẹni tó sanwó ilé, ibi tó bá rẹlẹ̀ jù ló ń bá jáde. Onílé ti pe ọkọ̀ tó ń fa sọ́kàwéè lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún náà. Bí wọ́n bá fà á lónìí, kò ní tó ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò tún kún. Wọ́n ti ń sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ni ò dáa.

A gbẹ́lẹ̀. Lábẹ́ kọnkéré iwájú ilé la ti bá a: páìpù ọ̀sọ̀rọ̀ méjì, wọ́n fi tíì, ìsopọ̀ páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta, so wọ́n mọ́ páìpù tọ́lẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wu ojú. Nígbà tá a dé inú kòtò, ẹrẹ̀ dúdú tó ń yọ̀ bí ilá ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ara rẹ̀. Ilẹ̀ ò lè mu omi mọ́, ojú rẹ̀ ti dí. Ẹ lè fa omi kúrò nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè fa ẹrẹ̀ tó ti wọ inú iyẹ̀pẹ̀. Òmíràn ni onílé náà gbẹ́ níkẹyìn. Owó tó fi gbẹ́ ẹ ju owó gbogbo páìpù ilé náà lọ.

Kànga tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Omi ìgbẹ́ tí kò bá ríbi wọ̀ á wá ọ̀nà míì. Ohun táwọn onímọ̀ ìlera máa ń sọ ni pé kí kànga jìnnà sí sọ́kàwéè tó mítà 30. Mélòó nínú ilé wa ló ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Òkúta abẹ́ ilẹ̀ wa náà ò jìnnà sí òkè láwọn ibòmíì, omi kàn máa ń yọ́ gba orí rẹ̀ lọ ni. Bí àkúnya bá wá bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò, onígbáméjì àti táífọ́ọ̀dì ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Òórùn ńkọ́? Ẹ wo ọrùn àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì yín, omi díẹ̀ máa ń dúró níbẹ̀ nígbà gbogbo. Omi yẹn ni ilẹ̀kùn. Òun ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn sọ́kàwéè, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, wọ inú ilé. Páìpù ọ̀sọ̀rọ̀ ò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, gbọọrọ ló dúró. Ẹ bá so ó mọ́ sọ́kàwéè, ẹ ti ṣe símínì, ihò tí èéfín ń gbà jáde, fún òórùn nìyẹn, ẹnu rẹ̀ á sì wà nítòsí fèrèsé yàrá òkè. Ẹ lè ní kí wọ́n fi ọrùn sí i nísàlẹ̀. Ó dáa. Ta ni yóò máa bu omi sí i láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, tí ọyẹ́ ń fa omi gbẹ tí òjò ò sì rọ̀?

Èwo wá ni tàwọn òyìnbó tí wọ́n ń ṣe é? Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ lọ́hùn-ún ní páìpù àjùmọ̀lò, tí òjò àti ìgbẹ́ jọ ń gbà. Ìtàn London ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Omi òjò ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àwọn ojú ìṣàn abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ fún, èèwọ̀ ni kéèyàn da ìgbẹ́ ilé sí i títí di 1815 tí wọ́n fàyè gbà á. Nígbà tó fi máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1858, odò Thames ti ń rùn débi pé àwọn aṣòfin ò lè jókòó jẹ́jẹ́ nílé ìgbìmọ̀. Joseph Bazalgette ló wá ṣe ojú ìṣàn ńláńlá tí wọ́n ṣì ń lò dòní. Síbẹ̀, bí òjò bá pọ̀, páìpù àjùmọ̀lò á kún, ìgbẹ́ á sì bá òjò dà sódò. Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ tó gùn tó kìlómítà 25 tí gbogbo rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025. Ní Portland ní Amẹ́ríkà, láti 1993 sí 2011 ni ìjọba ìlú fi ń rọ àwọn onílé láti gé páìpù ọ̀sọ̀rọ̀ wọn kúrò lára ti ìdọ̀tí, wọ́n tiẹ̀ ń fún wọn lówó sí i. Àwọn tó so ó ń tú u, àwa tá ò tíì so ó ló ń wá tíì kiri.

Àgbàrá òjò ò ní òun ò ní nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Bí onílé ò ṣe ní gbà ni mo wá fi han Bàbá, torí ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni páìpù tí kò ní ṣòroó fọ̀, wọ́n sì lè rí ìyẹn láìso ó mọ́ sọ́kàwéè.

Ẹ má ri ẹsẹ̀ páìpù mọ́lẹ̀. Mo gé e kó fi bí ìbú ọwọ́ méjì ga ju ilẹ̀ lọ, mo ní kí bíríkìlà mọ kòtò kékeré kan sábẹ́ rẹ̀, èyí tí ọwọ́ èèyàn lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìdérí onírin tó ṣeé ṣí. Ewé àti kóró máńgòrò á dúró níbẹ̀. Bí páìpù bá dí, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa méfò, omi ò ní jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó sì ti igi tàbí ọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀. Láti inú kòtò yẹn, omi lè gba ojúde lọ sí gọ́tà títì. Bí gọ́tà bá jìnnà, ẹ gbẹ́ kòtò olókùúta tirẹ̀ fún un, kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé tó mítà márùn-ún, kó má sì sún mọ́ sọ́kàwéè. Ògiri aládùúgbò kì í ṣe gọ́tà o. Mo ti rí ìjà tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó dé ààfin.

Ibi tí páìpù bá ti ní láti yí, ẹ má lo ẹ́bò, ìsopọ̀ tí wọ́n fi ń yí páìpù, tó ká pátápátá. Méjì tó dàgẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ewé á yọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á lábẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, kó máa fi sẹ̀ǹtímítà méjì rẹlẹ̀ sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi ojú tó ṣeé tú síbi tó bá ti yí. Páìpù ínṣì mẹ́rin ni kẹ́ ẹ rà lábẹ́ máńgòrò, ẹ fi ínṣì méjì sílẹ̀ fún balùwẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì wáyà lókè dáa, àmọ́ ẹ ká a bíi bọ́ọ̀lù. Èyí tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, ewé méjì ló máa dí i. Ní oṣù kejì, kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, kí ẹnì kan gun àkàbà lọ kó o. Ẹ jẹ́ kí òjò méjì àkọ́kọ́ ṣàn dànù kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan sábẹ́ rẹ̀, torí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ aláǹgbá ni wọ́n máa ń fọ̀ wá.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n parí ilé náà, Bàbá sì pè mí lórí fóònù kó tó dá.

"Ẹ̀ńjíníà! Ewé tó jáde níbẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kún bọ́kẹ́ẹ̀tì. Slípáàsì ọmọdé kan náà bá a jáde, ti ọmọ ta lèmi ò mọ̀."

Mo bi wọ́n pé tọ́lẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ńkọ́. Wọ́n ní ó dákẹ́. Lẹ́yìn wọn, mo ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń pariwo pé kí wọ́n bá òun sún báàfù òun sí abẹ́ páìpù kejì, ti àkọ́kọ́ ti kún.